Ilé Ìdáná Kan fún Ilé Méjìlá

Ilé méjìlá, àgbàlá kan, ilé ìdáná kan ṣoṣo. Bí obìnrin ayàwòrán ilé ṣe ya àdúgbò náà nìyẹn, kí aládùúgbò kan má baà kọjá ẹnìkejì láìkí i. Lónìí, ìgbìmọ̀ wá wò ó. Tó bá wù wọ́n, wọ́n á fún un nílẹ̀ kó kọ́ òmíràn. Iṣẹ́ yìí ni kò jẹ́ kó fojú kan oorun àsùnyó láti ọjọ́ yìí wá.

"Ẹ jẹ́ ká yára," ó ní, "káwọn ọmọléèwé tó dé."

Alága rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó ní òun á dáṣọ fún ni, ti ọrùn ẹ̀ là ń wò. Ṣé ẹ̀yin alára lè gbé ibí?"

"Tayọ̀tayọ̀ ni, sà."

Ìyá Tíṣà, tó ti fẹ̀yìn tì, ń gé àlùbọ́sà nínú ilé ìdáná. Alága fi ayàwòrán ilé hàn án.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Ìyá Tíṣà wí. "Ilé yín ti sọ wá di mọ̀lẹ́bí. Baálé ilé kẹrin ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta, gbogbo wa la jọ ń fara dà á."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ara tu ayàwòrán ilé díẹ̀.

"Ṣé ẹ mọ gbogbo wọn?" ni alága bi Ìyá Tíṣà.

"Àfi ìyá kan, lẹ́nu géètì níbẹ̀ yẹn. Kílẹ̀ tó mọ́, ó ti jáde. Tá a bá sùn tán ló ń wọlé. Ọ̀dọ̀ mi lọmọ ẹ̀ ti ń jẹun. Nígbà tí ibà dá ọmọ náà gúnlẹ̀, ìyá kàn gbé oògùn sórí tábìlì ni, èmi ni mo jókòó tì í. Mi ò tíì fojú kàn án rí, mo sì ti bú u títí ó ti sú mi."

Ojú ti ayàwòrán ilé, ó tì í gan-an. Ó tẹjú mọ́lẹ̀. "Bóyá iṣẹ́ ni ò jẹ́ kó ráyè, mà."

"Ta ni kì í ṣiṣẹ́? Àbí iṣẹ́ ló bí?"

Alága mi orí. "Ìyá ẹyọ kan ò ba àdúgbò jẹ́. A ti rí ohun tá a wá wò. Ẹ máa kọ́ èkejì."

"Ẹ ṣeun, sà," ni ayàwòrán ilé wí.

Ọmọbìnrin kékeré kan sáré wọlé tòun ti báàgì iléèwé, ó dì mọ́ Ìyá Tíṣà.

"Ó yá, kí àwọn àlejò wa."

Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó kí alága, ó kí àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi kan ayàwòrán ilé.

"Ẹ káàsán, Mọ́mì, ẹ ò lọ síbi iṣẹ́ lónìí ni?"