Igi Afàrà Ìjọba

Ọdún 1978 ni, ní Isuada. Igi afàrà tí bàbá tó bí Jímọ̀ gbìn sẹ́yìn ilé ti tẹ̀ sórí yàrá ẹ̀yìn.

Jímọ̀ gbé àáké jáde.

Ọ̀gá Ignatius, olùṣọ́ igbó ọba, dá a dúró. Ó fi òòlù lu àmì ìjọba sára igi náà.

"Bàbá, ẹ ò gbọdọ̀ gé e láìgba ìwé àṣẹ. Igi ìjọba ni."

"Lórí ilẹ̀ tèmi?"

"Òfin tuntun ti dé. Ìjọba ló ni ilẹ̀ náà."

"Ènìyàn ń sùn lábẹ́ rẹ̀, ọ̀gá."

"Ẹni tó ń sùn níbẹ̀ kò tíì ráhùn."

Ní ìrọ̀lẹ́, ìjì dé. Igi wó lu yàrá ẹ̀yìn, ó sì dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pa.

Ayálégbé Jímọ̀ ń lọgun nínú yàrá: "Bàbá, ẹ bá mi gé igi yín kúrò!"

Jímọ̀ gbé àáké, ó rí àmì ìjọba, ó sì gbé e sílẹ̀.

"Igi mi kọ́. Ìwé àṣẹ dà?"

"Ṣebí èmi Ignatius ni mò ń kọ ìwé àṣẹ!"

"Ó dáa, ọ̀gá. Ẹ jáde wá kọ ọ́."