Fàdákà Ilé Àlejò Ìjọba

Nígbà tí ọdún 1974 fi máa wọlé, kọ́bọ́ọ̀dù tó wà ní pálọ̀ Adéníyì ní Ilora ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Tíṣà ni, kò sì sí ohun tó ń náwó lé lórí tó ṣíbí, fọ́ọ̀kì àti tíréè àtijọ́ tí wọ́n fi fàdákà bò, èyí tí àwọn òyìnbó fi ń jẹun ní ilé àlejò ìjọba kan tí wọ́n ti wó tipẹ́. Adé ọba Gẹ̀ẹ́sì wà lẹ́yìn gbogbo wọn. Bó bá ti ra ọ̀kan, á fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ títí yóò fi máa dán.

Amos, bàbá rẹ̀, ni kúùkù ilé náà láyé òyìnbó. Nígbà tí wọn ò rí àwọn nǹkan wọ̀nyí mọ́, òun ni wọ́n mú. Kò jiyàn rárá. Ó ṣẹ̀wọ̀n, ó padà wálé, ṣọ́ọ̀ṣì wọn ò sì jẹ́ kó jẹ Oúnjẹ Olúwa mọ́ títí ó fi kú.

Adéníyì fẹ́ mọ ẹni tó kọ́kọ́ tà wọ́n. Ọwọ́ ẹni tó bá ti rà á ni yóò ti béèrè ibi tó ti wá, ibi tí wọ́n bá sì júwe ni yóò gbà lọ.

Hannah, ìyá rẹ̀, kì í wo kọ́bọ́ọ̀dù náà. Bí ọmọ rẹ̀ bá ti ń fọ fàdákà, ẹ̀yìnkùlé ni yóò bọ́ sí. Adéníyì gbà pé ọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀ ni kò tíì tán lára rẹ̀.

"Níyì, fi nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀," ni ó máa ń wí. "Bàbá rẹ ti lọ sinmi."

"Orúkọ wọn ò tíì sinmi, Màámi."

Nígbà tí ọdún Àjíǹde kù dẹ̀dẹ̀, wọ́n júwe Àsíátù fún un ní Fìdítì, ìyá arúgbó kan tó ti ń ra àlòkù tipẹ́. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn ti jáde. Adéníyì lọ bẹ Akínwándé, díákónì tó kéde ẹ̀ṣẹ̀ bàbá rẹ̀ lójú ìjọ, pé kó bá òun lọ fetí ara rẹ̀ gbọ́. Ìyá rẹ̀ di aṣọ rẹ̀ mú lẹ́nu ọ̀nà.

"Bó o bá máa lọ, ìwọ nìkan ni kó o lọ. Má mú Díákónì dání."

"Àwọn gan-an ló yẹ kó gbọ́," ó wí, ó sì rọra tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Àsíátù gbé àga fún wọn. Bó ṣe rí tíréè tí Adéníyì mú dání ló ti dá a mọ̀. Adéníyì sọ orúkọ bàbá rẹ̀. Ìyá àgbà náà wo ojú rẹ̀ títí, ó wo Díákónì, ó sì sọ orí kodò.

"Ọmọ mi, jẹ́ ká fi í sílẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ sọ ọ́ sókè kí Díákónì gbọ́. Ta ló tà á fún yín?"

"Ìyá rẹ ni," ni Àsíátù wí, "lọ́dún tí wọ́n lé ọ wálé láti ilé-ìwé nítorí owó, bàbá rẹ ló sì wá bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kó o mọ̀ láéláé."