Ìbídùn àti Ọyẹ́ Orí Òkè

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi. Ìlú Òkè-Ayùn ni Ìbídùn ti ṣe ìyàwó, níbi tí ọyẹ́ ti máa ń mú gan-an. Obìnrin dáadáa ni, ó mọ ilé í tọ́jú. Ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni aṣọ ń ṣe: kí àwọn èèyàn lè wò ó.

Lọ́jọ́ kan nígbà ọyẹ́, òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ fẹ́ lọ kí ọ̀rẹ́ Ìbídùn kan tó ti Ìbàdàn dé sí abúlé tó wà lẹ́yìn òkè. Ìbídùn wọ léèsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sì pọn ọmọ rẹ̀. Ìyá àgbà, ìyá ọkọ rẹ̀, na aṣọ kíjìpá tó nípọn sí i.

“Ìyàwó mi, fi èyí bo ọmọ. Atẹ́gùn orí òkè yẹn le.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá. Wọ́n á ní ará oko ni mí.” Ó ju kíjìpá náà sórí bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, súwẹ́tà ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ̀, ó ká gúlútú sídìí iná. Kò sọ nǹkan kan nípa léèsì. Ohun tó bi wọ́n ni pé, “Ṣé òtútù ò mú yín ni?”

Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀ nírọ̀lẹ́, atẹ́gùn dé. Ọmọ sunkún títí, ohùn rẹ̀ wọlẹ̀, ó wá ń gbọ̀n. Ìyá àgbà ṣí ìborùn rẹ̀, ó tú ìró òkè, ó fi méjèèjì wé ọmọ.

“Ìyá, ẹ̀yin ńkọ́?”

“Má dá mi lóhùn, jẹ́ ká yára délé.”

Ara ọmọ móoru. Ṣùgbọ́n nígbà tílẹ̀ mọ́, ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n ní òtútù àyà ni. Ìbídùn jókòó tì í lójoojúmọ́. Ó fẹ́ bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ojú ń tì í. Ó ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé, “Bí ara wọn bá yá, màá kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n.” Ara ìyá àgbà kò yá, ọsibítù náà ló kú sí. Ẹ̀bẹ̀ yẹn ṣì wà lọ́rùn Ìbídùn títí dòní.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ó dára kí aṣọ yẹni, ó sì dára kó bo ìhòòhò wa. Ṣùgbọ́n òtútù kò mọ léèsì. Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ dáàbò bo ara, kẹ́ ẹ tó fi ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹ má ṣe tìtorí àwọn tí kò tiẹ̀ wò yín fi ẹ̀mí ẹni tó fẹ́ràn yín wewu.