Ta Ló Sàn Jù, Tíṣà Tàbí Apẹja?

Ọdọọdún ni wọ́n máa ń fi tíṣà àti àgbẹ̀ ṣe díbéètì ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì, tíṣà ló sì máa ń borí. Lọ́dún yìí, Ọ̀gbẹ́ni Ìbídàpọ̀ tó ń kọ́ wọn pa àgbẹ̀ rẹ́ lójú pátákó, ó kọ apẹja sí i. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ìdí. Ìlàjẹ ní Bàrígà ni iléèwé náà kúkú wà, téèyàn bá sì yọjú lójú fèrèsé, ọ̀sà ló máa rí.

Ó ní kí Ọlámilékan, tí bàbá rẹ̀ ń tẹ̀wé ní Fọlá Agoro, gbèjà tíṣà. Ó ní kí Olúwafimíhàn gbèjà apẹja, torí pé apẹja ni Ikúmápàyí, bàbá tiẹ̀.

Ẹ̀rù ba Fimíhàn. Ẹnu ọmọ náà kì í dákẹ́, ẹnu yìí ló sì ti mú kí wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá rẹ̀ wá síléèwé lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kejì, Ikúmápàyí búra fún un.

“Tí wọ́n bá tún fi lè pè mí, o ti kàwé tán nìyẹn. Wàá lọ bá ìyá ẹ nídìí ẹja yíyan.”

Fimíhàn ò fẹ́ yan ẹja. Nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe. Ó pinnu pé ọ̀rọ̀ díẹ̀ lòun máa sọ tóun á sì jókòó.

Ọlámilékan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní tíṣà ló kọ́ dókítà, tíṣà ló kọ́ lọ́yà, tíṣà ló kọ́ gómìnà. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni Ìbídàpọ̀ ò pàtẹ́wọ́. Ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá tó kún orí tábìlì rẹ̀ ló ń wò.

Fimíhàn dìde. Ó kí àwọn adájọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí adájọ́ kankan níbẹ̀. Ó ní ẹja dáa. Ó fẹ́ jókòó. Ni Ọlámilékan bá fọwọ́ di imú.

Ibi tọ́rọ̀ ti bẹ́yìn yọ nìyẹn. Fimíhàn ní apẹja kì í retí òpin oṣù. Ó ní tí kò bá rí ẹja pa, kò sọ́gàá tó máa kọ ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ sí i. Ó ní apẹja kì í pariwo “ẹ dákẹ́” látàárọ̀ ṣúlẹ̀, torí pé ẹja kì í sọ̀rọ̀. Ó ní òun ò tíì rí apẹja tó ń sùn lórí tábìlì bíi ti tíṣà tó kọ́ wọn lọ́dún tó kọjá. Kíláàsì dà rú. Peculiar, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ń fà á ní síkẹ́ẹ̀tì pé kó jókòó.

Ọ̀gbẹ́ni Ìbídàpọ̀ gbọ́wọ́ sókè.

“Apẹja tó o ń sọ yìí, ṣé ó ní ọ̀gá iléèwé tó ń ṣọ́ ọ?”

“Rárá, sà.”

“Kì í kó iṣẹ́ lọ sílé lọ máa mààkì?”

“Rárá, sà.”

“Ẹni tí ò mọ̀wẹ̀ ńkọ́?”

“Wọ́n á wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì fún un, sà. Bàbá mi ní méjì.”

“Méjì,” ni Ọ̀gbẹ́ni Ìbídàpọ̀ wí. Ó dẹ táì ọrùn rẹ̀, ó wo ojú fèrèsé títí. “Jókòó. Lọ́la, mú bàbá ẹ wá.”

Ọlámilékan rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Fimíhàn náà ń sunkún tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Ikúmápàyí wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ lọ. Ọkùnrin tí ìjì orí ọ̀sà kì í dẹ́rù bà ń làágùn lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì.

“Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì í, sà,” ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ìbídàpọ̀ fà á wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Fimíhàn tẹ́tí títí, kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí bàbá rẹ̀ máa fi jáde, ojú ẹ̀ ti yí padà.

“Bàbá mi, kí ni wọ́n sọ?”

“Ọ̀rọ̀ àgbà ni. Tíṣà ẹ ní n ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fẹ́nì kankan di ọjọ́ Ajé.” Ikúmápàyí mi orí. “Ẹnu ẹ yìí, Fimíhàn. Ẹnu ẹ yìí!”

Kò tún sẹ́ni tó ní láti là á yé Fimíhàn. Lọ́jọ́ Àìkú, ó fọ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, ó ká a, ó gbé e fún Níní, àbúrò rẹ̀, tí aṣọ náà tóbi fún débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù sínú ẹ̀. Òun àti Peculiar dì mọ́ra lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sunkún bí ẹni pé ó ń rìnrìn àjò. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, ó ró ìró àtijọ́ ìyá rẹ̀ mọ́dìí, ó gbé agbọ̀n rù, ó lọ sétí ọ̀sà láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Bàbá rẹ̀ ti wà nínú ọkọ̀, ó ń tú àwọ̀n. Níwájú ọkọ̀ náà, Ọ̀gbẹ́ni Ìbídàpọ̀, tó wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì lé táì, tó fọwọ́ méjèèjì di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú gírígírí, gbójú sókè, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì jágbe mọ́ ọn pé kí ló ń wá níbí nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti wà ní kíláàsì.