Ọ̀gànwó Tó Ju Màmá Lọ

Bí wọ́n ṣe ń ṣe fún gbogbo àlejò ni Ìbídùn, ẹ̀ṣọ́ igbó, ṣe fún Màmá Fadérẹra. Ó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ wọn, ó sì fi ẹ̀rọ kékeré tó ń jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn inú igi há wọn létí, irú èyí tó wà létí tirẹ̀ náà.

"Orí pákó nìkan la ó máa rìn o, Mà. Ilẹ̀ tàwọn igi ni, òfin ò gbà ká tẹ̀ ẹ́."

Àgbà pátápátá ìlú ni Màmá. Àwọn ni tọmọdé tàgbà ń kúnlẹ̀ kí. Wọ́n ń rìn, wọ́n ń dẹtí sí omi tó ń gun inú igi. Ti igi kan ń sáré bí ọmọdé, ti òmíràn ń wọ́ bí ẹni tó ń tòògbé. Nígbà tó yá, wọ́n dé ìdí ọ̀gànwó ńlá kan.

"Ta nìyí?" Màmá béèrè.

"Àgbà igbó nìyẹn, Mà. Wọ́n ti lé ní irínwó ọdún."

Kí Ìbídùn tó mọ̀, Màmá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí pákó, wọ́n ti fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀. Iná pupa tàn lára pákó, àmì pé ẹnì kan ti tẹ ilẹ̀. Bí Ìbídùn bá fi tó àwọn ọ̀gá létí, Màmá ò ní wọ igbó mọ́ títí ayé. Ó ti na ọwọ́ sí bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pe àwọn ọ̀gá kí ohùn omi ọ̀gànwó tó dákẹ́ létí rẹ̀. Kò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà, omi tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, jẹ́jẹ́.

Ìbídùn sọ ọwọ́ kalẹ̀. "Mà, kí lẹ sọ fún wọn?"

"Mo kí wọn ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹni tí mo máa kúnlẹ̀ fún."