Oríkì Kì í Parọ́

"Ẹ pe kóòṣì yìí, ká gbọ́ ọ," Alhájì tó fẹ́ dókòwò fi ìka kan àwòrán kan lórí fóònù.

Ọ̀gábìnrin tó ni áàpù tí Alhájì fẹ́ fowó sí rẹ́rìn-ín. Lára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀ ní Lẹ́kkí, orúkọ tuntun tó sọ áàpù náà ń tàn: ẸNI TÓ MỌ̀ MÍ. Tẹ́lẹ̀, ìmọ̀ràn lásán ni wọ́n ń kà níbẹ̀. Ní báyìí, kóòṣì tó jẹ́ èèyàn gidi ni yóò máa fi oríkì kí oníbàárà, tí yóò sì máa tọ́ ọ sọ́nà.

Ó pè é, ó fi sí sípíkà.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Kí ni oríkì yín?"

"Àbẹ̀ní."

Ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó rántí pé òun ti bá kóòṣì yìí sọ̀rọ̀ rí. Nígbà tó ń dán àwọn kóòṣì wò ní bòńkẹ́lẹ́, orúkọ èké ló lò. Àmọ́ oríkì, ta ní ń parọ́ ẹ̀?

"Àbẹ̀ní mi! Mo mọ ohùn yìí! Ṣé ẹ ti jẹ́wọ́ fún Alhájì yẹn pé tówó wọn bá ti wọlé, Kánádà yá?"

Alhájì rọra mú tẹ̀súbáà rẹ̀ kúrò lórí tábìlì.

"Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi, mà?" ni ohùn inú fóònù náà béèrè. "Àbí wọ́n ti dé ni?"