Igba Ìṣó fún Adágún Kan

"Ẹ má mú bẹ́líìtì eléyín gígùn yẹn fún ẹsẹ̀ ọ̀kadà yín, ìyá agbẹ̀bí. Inú yìnyín rírọ̀ nìyẹn ti wúlò. Adágún ti dì, ó le bí òkúta. Bẹ́líìtì eléyín kúkúrú yìí ni kí ẹ mú, kí n kan ọgọ́rùn-ún ìṣó sí i," ni Oula tó ń ta ọ̀kadà orí yìnyín wí.

"Kan igba! Ristiinna ti ń rọbí lódìkejì adágún, ìwọ ń ṣahun ìṣó!"

"Á pẹ́ o."

"Oyún àkọ́kọ́ ni. Òun náà á pẹ́."

Oula kàn án fún wákàtí méjì. Ọ̀kadà náà di adágún mú bí ológbò ṣe ń di igi mú, kò yọ̀ rárá. Ìyá ọkọ Ristiinna nìkan ni agbẹ̀bí bá nílé, ó ń mu kọfí.

"Màmá, ìyàwó dà?"

"A pè ọ́ títí, o ò gbé e."

"Ariwo òòlù ni."

"Ọkọ rẹ̀ ti fi ògbólógbòó ọ̀kadà wa gbé e lọ sílé rẹ."

"Èyí tí ò ní ìṣó kankan?"

"Ẹyọ kan ò sí. Ọkọ tìrẹ ti pè, òun ló gbẹ̀bí, ọmọbìnrin ni. Ó ní kí n bi ọ́, níbo ni abẹ tó o fi ń gé ìwọ́ wà?"

Agbẹ̀bí rọra sọ̀ àpò èjìká rẹ̀ kalẹ̀, ó ṣí i, ó sì ń wo abẹ náà.